Bí a ṣe ń mọ pùròtéènì ajíṣẹ́ tó ń darí ìrìn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ

Bí ẹ bá họ àlàfo sáàárín sẹ́ẹ̀lì tó bo ilẹ̀ àwo láti fi wo ìrìn wọn, tó sì dí lọ́jọ́ kejì, ohun mẹ́ta ló lè fà á: sẹ́ẹ̀lì rìn wọ inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì-méjì títí wọ́n fi kún un, tàbí àwọn tó ti wà létí rẹ̀ kàn tẹ́ ara wọn sílẹ̀. Bí oògùn tí ẹ fi dí pùròtéènì kan lọ́wọ́ kò bá sì jẹ́ kí àlàfo náà dí, ó lè jẹ́ pé ẹ ti rí pùròtéènì tó ń darí ìrìn, ó sì lè jẹ́ pé oògùn náà kàn ń pa sẹ́ẹ̀lì ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé pùròtéènì báyìí ló ń gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rìn gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí mẹ́ta wá láti inú irú sẹ́ẹ̀lì kan náà, láàárín àkókò kan náà: pé iṣẹ́ pùròtéènì náà dínkù lóòótọ́, pé sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè, àti pé ìrìn ló yí padà, kì í ṣe iye sẹ́ẹ̀lì. Orí ẹ̀rí mẹ́ta yìí ni gbogbo ìlànà tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn

Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ na iwájú rẹ̀ síta, á fi di ilẹ̀ mú, á fún ara rẹ̀ pọ̀, á sì já ìdí rẹ̀ kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Pùròtéènì kan tó ń jẹ́ Rac1 ló ń na iwájú. Ó ń jí àkójọpọ̀ pùròtéènì WAVE, WAVE ń jí àkójọpọ̀ Arp2/3, Arp2/3 sì ń mú kí okùn ákítìn, tó ń fún sẹ́ẹ̀lì ní ìrísí, yọ ẹ̀ka lórí ẹ̀ka títí yóò fi ti awọ sẹ́ẹ̀lì síwájú bí abẹ̀bẹ̀. Cdc42 ló ń yọ ìka tín-ín-rín tó ń tọ́ ọ̀nà wò, òun náà ló sì ń yan apá tí iwájú máa kọ sí. RhoA ń jí ẹ́ńsáìmù ROCK. ROCK ń mú kí fọ́sífétì lẹ̀ mọ́ apá kékeré ara máyósìn, pàápàá ní ibi tí à ń pè ní Ser19, máyósìn á wá fa okùn ákítìn, ara sẹ́ẹ̀lì á sún kì, ìdí á sì já. Ní 1992, Anne Ridley àti Alan Hall fi sẹ́ẹ̀lì eku tó ń jẹ́ Swiss 3T3 hàn pé Rho ló ń kó okùn ákítìn jọ di ìdìpọ̀ nínípọn, àti pé Rac ló ń mú etí sẹ́ẹ̀lì rú. Ní 1995, Catherine Nobes àti Hall fi ti Cdc42 kún un.

Rac1, Cdc42 àti RhoA ń ṣiṣẹ́ nígbà tí GTP, èròjà kékeré tó ní fọ́sífétì mẹ́ta, bá wà lára wọn, wọ́n sì ń sinmi nígbà tó bá ti di GDP, tó ní méjì. Àwọn pùròtéènì GEF ló ń tan wọ́n bí iná, àwọn pùròtéènì GAP ló ń pa wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó wọn iye Rac1 inú sẹ́ẹ̀lì lápapọ̀ kò tíì mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ Rac1. Àyẹ̀wò tó ń fa èyí tó ní GTP lára nìkan jáde ló wúlò: apá kan lára pùròtéènì PAK1 ni a fi ń mú Rac àti Cdc42, apá kan lára pùròtéènì Rhotekin ni a fi ń mú RhoA. Inú yìnyín ni ẹ máa ti ṣe é, ẹ sì má fi falẹ̀, torí GTP kò dáwọ́ dúró láti máa di GDP lẹ́yìn tí ẹ ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Íntégrìn, pùròtéènì inú awọ sẹ́ẹ̀lì, ló ń di ilẹ̀ mú. Bí àwọn íntégrìn bá ṣù jọ, ẹ́ńsáìmù FAK á fi fọ́sífétì sí ara rẹ̀ ní Tyr397, ẹ́ńsáìmù Src á wá so mọ́ ibẹ̀, á sì fi fọ́sífétì sí àwọn ibòmíràn lára FAK àti sí pùròtéènì paxillin. FAK àti Src ló ń jẹ́ kí ibi ìdìmú máa kọ́ kó sì máa tú. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń ka èsì: sẹ́ẹ̀lì tí kò lè di ilẹ̀ mú kò lè rìn, èyí tó di ilẹ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ náà kò lè rìn. Bí ẹ bá fi kún pùròtéènì ìdìmú kan, ìrìn lè yára, ó sì lè falẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdìmú ṣe lágbára tó tẹ́lẹ̀.

Láti ìta ni àṣẹ ti ń wá, tí pùròtéènì tó ń jíṣẹ́ ń so mọ́ olùgbà rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì: EGF sára EGFR, HGF sára MET, CXCL12 sára CXCR4, TGF-β sára olùgbà tirẹ̀. EGFR àti MET ń rán iṣẹ́ náà gba ọ̀nà àwọn pùròtéènì RAS, RAF, MEK àti ERK, wọ́n sì tún ń rán an gba ọ̀nà PI3K àti Akt. Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10 ni ERK máa ń gba fọ́sífétì lẹ́yìn tí EGF bá dé. Pùròtéènì SMAD2 náà máa ń gba fọ́sífétì láàárín wákàtí kan tí TGF-β bá dé, ṣùgbọ́n ìyípadà tó ń mú kí E-cadherin, tó ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn, dínkù tí vimentin, okùn inú sẹ́ẹ̀lì, sì ń pọ̀ sí i máa ń gbà tó wákàtí 48 sí 72. Ẹni tó da TGF-β sí sẹ́ẹ̀lì, tó họ àlàfo lójú ẹsẹ̀, tó sì sọ lẹ́yìn wákàtí 12 pé TGF-β kò ṣe nǹkan kan, kò tíì dúró tó.

Sẹ́ẹ̀lì àti oògùn ìdènà

MDA-MB-231, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, dára fún ìbẹ̀rẹ̀ torí ó ń rìn dáadáa, kò sì ń pín kíákíá. HT-1080, irú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mìíràn (fibrosarcoma), náà dára. MCF-7, tó jẹ́ ti jẹjẹrẹ ọmú bákan náà, kì í rìn púpọ̀, nítorí náà òun ni kí ẹ lò bí ẹ bá ń wá ohun tó ń mú ìrìn pọ̀ sí i, kì í ṣe ohun tó ń dín in kù. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò fún mycoplasma, bakitéríà kékeré kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ní i ń rìn, ó sì ń dàgbà lọ́nà tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ò sì ní rí i lójú máíkírósíkóòpù.

Ìwọ̀n tí a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: U0126 10 µM fún MEK, LY294002 10 sí 20 µM fún PI3K, gefitinib 1 µM fún EGFR, dasatinib 100 nM fún Src, PF-573228 1 µM fún FAK, Y-27632 10 µM fún ROCK, NSC23766 50 sí 100 µM fún Rac1, CK-666 100 µM fún Arp2/3. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ́ tónítóní. Dasatinib ń mú ABL àti KIT pẹ̀lú Src, LY294002 sì ń mú mTOR pẹ̀lú PI3K. Ìdí nìyí tí a kì í fi oògùn kan ṣoṣo dá ẹjọ́. Bí oògùn méjì tí ìrísí wọn kò jọra, tí wọ́n ń dí pùròtéènì kan náà lọ́wọ́, bá ṣe ohun kan náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Ẹ pò U0126 sínú DMSO, omi tí a fi ń yọ́ oògùn, ní 10 mM. Bí ẹ bá fi ìdá kan rẹ̀ sínú ẹgbẹ̀rún, ẹ ti ní 10 µM pẹ̀lú DMSO 0.1%, ihò ìfiwéra (èyí tí kò ní oògùn) sì gbọ́dọ̀ ní DMSO 0.1% kan náà. Omi ni Y-27632 àti NSC23766 ń yọ́ sí, nítorí náà omi ni ìfiwéra tiwọn. CK-666 ní ìbejì aláìlágbára tó ń jẹ́ CK-689, òun sì ni ìfiwéra tó sàn jù fún un. Blebbistatin tó ń dí máyósìn lọ́wọ́ máa ń bàjẹ́ lábẹ́ iná búlúù, ó sì máa ń pa sẹ́ẹ̀lì lára níbẹ̀. Ẹ má lò ó bí ẹ bá fẹ́ fi iná yẹn wo GFP, pùròtéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé.

Kí ẹ tó wọn ìrìn rárá, ẹ lo oògùn náà fún iye wákàtí tí àyẹ̀wò ìrìn máa gbà, kí ẹ sì fi trypan blue 0.4%, àwọ̀ tó ń wọ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, ka àwọn tó wà láàyè, àti àwọn tó ti léfòó. Bí àwọn alààyè kò bá tó 95% mọ́ nígbà tí ti ìfiwéra kò lọ sílẹ̀, ẹ dín ìwọ̀n oògùn kù.

Àyẹ̀wò àlàfo

Ẹ fi kálàmù tín-ín-rín fa ìlà sábẹ́ àwo oníhò 24 kí ẹ lè máa padà síbì kan náà pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ kó sẹ́ẹ̀lì 200,000 sínú ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 0.5 ml DMEM, omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, tó ní sírọ́ọ̀mù (omi inú ẹ̀jẹ̀) 10%. Ẹ ti àwo náà síwájú-sẹ́yìn, kí ẹ sì tì í sọ́tùn-ún-sósì. Ẹ má yí i po, torí gbogbo sẹ́ẹ̀lì á kó sáàárín. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú 15 kó tó wọ ìnkubétọ̀ ní 37°C pẹ̀lú CO₂ 5%.

Lọ́jọ́ kejì, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ ihò. Bí ilẹ̀ bá hàn, àlàfo kò ní ní etí tó ṣeé wọ̀n. Bí wọ́n bá ti gun ara wọn lórí, gbogbo rẹ̀ á ká bí ẹ bá họ ọ́, ó sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ dín sírọ́ọ̀mù kù sí 0.5% fún wákàtí 12 sí 16 kí ERK àti Akt lè rọlẹ̀. Bí àyẹ̀wò yín bá máa kọjá wákàtí 12, ẹ fi oògùn mitomycin C 10 µg/ml sí i fún wákàtí méjì kí ẹ tó họ, kí ẹ sì fi PBS, omi oníyọ̀, ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí sẹ́ẹ̀lì má baà pín. Oògùn yẹn ń ba DNA jẹ́, tiyín náà kò sì yọ sílẹ̀: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì da omi rẹ̀ sínú ìdọ̀tí olóró. Fún MDA-MB-231 nínú sírọ́ọ̀mù kékeré, mo fara mọ́ ọn kí ẹ kàn parí ní wákàtí 12, torí ìpín wọn máa ń gbà ju wákàtí 24 lọ, mitomycin C fúnra rẹ̀ sì lè kó bá sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ da oògùn ìdènà sí i ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú kí ẹ tó họ. Ìfihọ fúnra rẹ̀ ń jí ERK ní etí àlàfo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, oògùn tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á bá iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú imú pípẹ́ẹ̀tì 200 µl, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má padà sórí ìlà náà. Ẹ rọra fi PBS tó ní kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì láti ẹ̀gbẹ́ ihò, torí láìsí kálísíọ̀mù, àwọn sẹ́ẹ̀lì etí á tú. Ẹ da omi oúnjẹ tuntun sí i pẹ̀lú oògùn, tàbí EGF 50 ng/ml, tàbí méjèèjì. Ẹ ya fọ́tò ní wákàtí 0, 4, 8 àti 12, ojú méjì nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ihò mẹ́ta fún ipò kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. A sábà máa ń rí ìdá àlàfo tó dí nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo méjì, ọ̀kan fẹ̀ tó 500 µm, èkejì 800 µm, tí etí kọ̀ọ̀kan ń lọ 15 µm láàárín wákàtí kan. Lẹ́yìn wákàtí 12, méjèèjì ti pàdánù 360 µm. Àkọ́kọ́ á ka 72%, èkejì á ka 45%, sẹ́ẹ̀lì inú wọn kò sì yàtọ̀ rárá. Ẹ lo ìyára etí dípò rẹ̀: ẹ yọ fífẹ̀ ìkẹyìn kúrò nínú fífẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìlọ́po méjì iye wákàtí pín in. Ìdí tí a fi ń lọ́ ọ po méjì ni pé etí méjì ló ń lọ. Fiji, ètò kọ̀ǹpútà fún wíwọn fọ́tò, lè wọn gbogbo èyí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Imú pípẹ́ẹ̀tì tún máa ń họ pùròtéènì kọ́lájìn tàbí fibronectin tí ẹ fi tẹ́ ilẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá ń wádìí FAK tàbí íntégrìn, ẹ lo ìdínà sílíkọ́ọ̀nù tí a máa ń yọ kúrò bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kún. Ó ń fi àlàfo nǹkan bí 500 µm sílẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ tẹ́ sì wà níbẹ̀.

Kíka ìrìn sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan

Àlàfo kò lè sọ fún yín bóyá sẹ́ẹ̀lì ń falẹ̀ tàbí ó ń ṣìnà. Bí ẹ bá ní máíkírósíkóòpù tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ kó wọn sílẹ̀ káàkiri, ẹ ya fọ́tò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá fún wákàtí 8 sí 12, ẹ sì fi TrackMate tó wà nínú Fiji tọpasẹ̀ wọn. Ẹ pín ìjìnnà tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ sí ìparí pẹ̀lú gbogbo gígùn ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì tọ̀. Bí èsì bá súnmọ́ 1, ó ń lọ tààrà, bí ó bá súnmọ́ 0, ó ń pòyì. Pùròtéènì tó ń darí apá tí sẹ́ẹ̀lì kọjú sí lè ba nọ́ńbà yìí jẹ́ kí ìyára má yí padà, ẹni tó wo àlàfo nìkan á sì sọ pé ìyára ló dínkù.

Àyẹ̀wò ihò tín-ín-rín

Stephen Boyden ló gbé irú àyẹ̀wò yìí jáde ní 1962. Lónìí, a ń lo ago kékeré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ oníhò 8 µm, tó ń wọ inú àwo oníhò 24. Ẹ kọ́kọ́ da omi ìsàlẹ̀, 600 µl, tó ní sírọ́ọ̀mù 10% tàbí EGF 10 sí 50 ng/ml. Ẹ sọ ago náà kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ awọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí, sẹ́ẹ̀lì kankan kò ní gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rò pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da sẹ́ẹ̀lì 50,000 sí òkè nínú 200 µl omi oúnjẹ tí kò ní sírọ́ọ̀mù, tó ní BSA (pùròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) 0.1%. Oògùn ìdènà gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwọ̀n rẹ̀ á máa yí padà bí wákàtí ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn wákàtí 16 sí 24, ẹ fi igi olówùú tútù nu òkè awọ náà dáadáa, títí dé igun rẹ̀. Ẹ fi PFA (paraformaldehyde) 4% mú ìsàlẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi àwọ̀ crystal violet 0.2% kùn ún fún ìṣẹ́jú 20, ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì ka ojú márùn-ún. Ẹni tó ń kà kò gbọ́dọ̀ mọ ago tó jẹ́ ti oògùn. Bí àwọn ihò awọ náà bá kùn, wọ́n lè jọ sẹ́ẹ̀lì kékeré, torí náà ẹ wo ago kan tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ ní ipò kan tí EGF wà lókè àti nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bí iye tó kọjá níbẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ibi tí EGF wà nísàlẹ̀ nìkan, EGF kàn ń mú sẹ́ẹ̀lì rìn káàkiri ni, kì í fà wọ́n lọ síbì kan. Láti 1973 tí Sally Zigmond àti James Hirsch ti ṣe irú ìfiwéra yìí ni a ti mọ̀ pé ó pọn dandan, síbẹ̀ òun ni a sábà máa ń gbàgbé.

Ẹ̀rí pé pùròtéènì náà dákẹ́

Ẹ mú sẹ́ẹ̀lì láti inú àwo mìíràn tí ẹ tọ́jú bákan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí wákàtí àyẹ̀wò. Ìparí yẹn ló ṣe pàtàkì jù. ERK tó dákẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè ti jí padà ní wákàtí 12, bóyá oògùn ti ń bàjẹ́, bóyá sẹ́ẹ̀lì ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Ẹ gbé àwo náà sórí yìnyín, ẹ fi PBS tútù ṣàn án, ẹ fi RIPA, omi tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, tó ní NaF àti sodium orthovanadate họ sẹ́ẹ̀lì. Láìsí méjì yìí, àwọn ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì á yọ fọ́sífétì kúrò kí ẹ tó dé ibi Western blot, àyẹ̀wò tó ń fi áńtíbọ́dì wá pùròtéènì lórí awọ. Ẹ lo pùròtéènì 20 sí 30 µg fún ìlà kọ̀ọ̀kan. BSA 5% ni kí ẹ fi dí awọ náà, kì í ṣe wàrà, torí casein inú wàrà ní fọ́sífétì lára.

Áńtíbọ́dì tí ẹ nílò ni ti ERK ní Thr202/Tyr204, Akt ní Ser473, FAK ní Tyr397, máyósìn ní Ser19, pẹ̀lú ti àpapọ̀ pùròtéènì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí tó ní fọ́sífétì pín pẹ̀lú àpapọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ákítìn nìkan ṣe ìfiwéra, ẹ ò ní mọ̀ bóyá fọ́sífétì ló dínkù àbí pùròtéènì fúnra rẹ̀. Ìṣọ́ra kan tún wà fún dasatinib: FAK ló ń fi fọ́sífétì sí Tyr397 tirẹ̀, nítorí náà ìlà yẹn lè wà níbẹ̀ dáadáa nígbà tí Src ti dákẹ́. Ẹ wo Src ní Tyr416 dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn oògùn, ẹ fi siRNA 20 sí 50 nM, RNA kúkúrú tó ń ba mRNA pùròtéènì náà jẹ́, dín pùròtéènì náà kù, ẹ dúró wákàtí 48 sí 72. Ẹ lo siRNA méjì tí wọ́n mú ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára mRNA, pẹ̀lú ọ̀kan tí kò mú nǹkan kan. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni kí ẹ dá pùròtéènì náà padà pẹ̀lú DNA tí siRNA kò lè mú, kí ìrìn sì padà wá.

Ẹ má ka sẹ́ẹ̀lì 300 láti inú àwo kan kí ẹ sì pè é ní àyẹ̀wò 300. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ kó kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni ẹ ń kà, ó kéré tán mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ wá àárín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Nígbà tí ROCK bá da ọ̀rọ̀ rú

Y-27632 ló máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu jù. Lórí ike, ó lè mú kí àlàfo dí kíá ju ti ìfiwéra lọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà tí ROCK bá dákẹ́, okùn nínípọn tú, iwájú sẹ́ẹ̀lì sì ń nà láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn: ìrù gígùn ló máa wà níbẹ̀, torí ìdí kò lè já. Ẹni tó kọ sílẹ̀ pé ROCK ń dènà ìrìn jẹjẹrẹ látàrí èyí ti yára jù, torí nínú ara, ilẹ̀ kì í ṣe pẹrẹsẹ.

Ẹ fi kọ́lájìn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà lórí yìnyín, títí kan imú pípẹ́ẹ̀tì. Ẹ pò kọ́lájìn irú kìíní mọ́ PBS 10×, ẹ fi NaOH mú pH dé 7.4, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì parí sí 1.5 sí 2 mg/ml. Ẹ da sẹ́ẹ̀lì 200,000 sínú ml kan, ẹ gbé e sí 37°C fún ìṣẹ́jú 30 sí 60, kí ẹ tó da omi oúnjẹ lé e. Bí ẹ bá jẹ́ kó dì níbi tó tutù ju 37°C lọ, okùn rẹ̀ á nípọn, àlàfo inú rẹ̀ á fẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì rìn yàtọ̀. Ìwọ̀n ìgbóná kan náà ni kí ẹ lò lójoojúmọ́. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì bá rì sí ìsàlẹ̀ kó tó dì, ẹ dojú àwo náà bolẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún un dá padà.

Nínú gẹ́ẹ̀lì yìí, ẹ ó rí irú ìrìn méjì. Sẹ́ẹ̀lì tó gùn ń lo Rac àti ìdìmú lílágbára, ó sì ń fi ẹ́ńsáìmù MMP la ọ̀nà. Èyí tó rí roboto ń fún ara rẹ̀ gba àárín okùn kọjá, ìfàmọ́ra RhoA àti ROCK ló sì gbára lé. Ní 2003, àwọn olùwádìí fi HT-1080 hàn pé bí wọ́n bá dí MMP lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì tó gùn lè di roboto kó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí oògùn kan kò bá dín ìyára kù nínú gẹ́ẹ̀lì, ẹ wo ìrísí sẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó sọ pé pùròtéènì yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ka iye àwọn tó gùn àti iye àwọn tó rí roboto, kí ẹ sì pa oògùn MMP tàbí ti Rac pọ̀ mọ́ Y-27632 nínú gẹ́ẹ̀lì kan náà. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ti dín ìrìn kù tó, tí méjèèjì papọ̀ sì dá a dúró, ni a ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì náà ń pààrọ̀ ọ̀nà.